Ohun Tí Ó Ń Ṣe Píkọ́ọ̀pù Bàbá Bámidélé

ÈMI, Beulah Àbẹ̀kẹ́ Ṣóẹ̀tán, opó Ayọ̀kànmí Ṣóẹ̀tán, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ń gbé ní Ìdí-Orò ní Mushin, tí mo sì ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀ láti ìgbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ kìkì ẹrẹ̀, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Ara mi kò le bíi ti àtẹ̀yìnwá, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fa wàhálà, ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo mọ ohun tí mo ní, mo sì mọ àwọn tí mo bí. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ lẹ́yìn ikú mi pé ìyá arúgbó ti ń ṣàrán nígbà tó kọ ọ́, kí ó kọ́kọ́ lọ bi àwọn ará Ládìpọ̀ bóyá ẹnì kan rí mi rẹ́ jẹ lọ́dún yìí.

1. Àwọn tí yóò mú ìfẹ́ mi ṣẹ ni Agbẹjọ́rò Bàṣírátù, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́, àti Alhaji Jẹ̀lílì, tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti tèmi. Kí ẹnu má ya ẹnikẹ́ni pé mo yan Jẹ̀lílì. Òótọ́ ni pé a ti jà. Ó ti já oníbàárà gbà mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ara mi, èmi náà sì ti pè é ní orúkọ tí kò dára lójú gbogbo ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi kú, tí mo jókòó opó, Jẹ̀lílì ló ń ṣí ìsọ̀ mi láàárọ̀, òun ló ń tì í nírọ̀lẹ́, kò sì sí nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo tó dín nínú ọjà mi. Ẹni tó bá bá ọ jà ní gbangba tí kò jà ọ́ lólè ní kọ̀rọ̀, irú wọn là ń fi ogún lé lọ́wọ́.

2. Ìsọ̀ Ládìpọ̀ kò sí nínú ìwé yìí. Mo ti fi í fún Pẹ̀lúmi, àbíkẹ́yìn mi, nígbà tí ojú mi ṣì là sílẹ̀, gbogbo ọjà ló sì mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu kàn án.

3. Ilé mi ní Ìdí-Orò. Òkè ilé pátá di ti Ayọ̀miídé, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbogbo aṣọ mi, àfi èyí tí wọ́n bá fi sin mí. Mo mọ̀ pé yóò ní àwọ̀ wọn ti ṣá. Ó ṣá lóòótọ́. Àwọn ni mo ń wọ̀ ní àwọ̀túnwọ̀ ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà ní yunifásítì.

Àwọn ayálégbé ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kó jáde nítorí pé mo kú.

Yàrá iwájú ní ìsàlẹ̀, èyí tó kọjú sí títì, ni mo fún Pẹ̀lúmi, tó ti ń sùn níbẹ̀ báyìí, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́. Yàrá Bámidélé, àkọ́bí mi, ni yàrá náà tẹ́lẹ̀, kí ó tó kúrò nílé. Ìdí tó fi kúrò nílé ni mo ṣe ránṣẹ́ pe lọ́yà, òun ni mo sì fẹ́ sọ báyìí.

4. Píkọ́ọ̀pù Pẹ́jò tí ọkọ mi fi sílẹ̀, mo fún Bámidélé, òun nìkan.

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àǹtí Fọláṣadé, yóò dìde fùú níbi tí a bá ti ka èyí. Kí ẹ jókòó, Àǹtí. Kí ẹ gbọ́ ọ tán.

Ayọ̀kànmí ra píkọ́ọ̀pù yìí kí a tó ra bẹ́ẹ̀dì. Àwa ń sùn lórí ẹní, mọ́tò ní ibùsùn lábẹ́ páànù. Inú bí mi, mo ní kó kúkú lọ fẹ́ mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé mi sí iwájú, ó wà mí lọ sí Yaba láti lọ jẹ áísìkiríìmù, ìbínú mi sì tán lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mo fẹ́ kó wà nínú ìwé òfin pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mọ́tò náà ló ń kó ọjà mi. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, àìsàn kan mú un. Bí ó bá dúró sójú kan, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí awakọ̀ sì tẹ tọ́tù kó gbéra, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á ta gìrì, á fẹ́ kú, kó tó fà. Bámidélé, tí í ṣe mẹkáníìkì, tú kábúrétọ̀ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà, a rọ epo sí i, mọ́tò sì lọ geere. Lọ́jọ́ kejì, Pẹ̀lúmi ń wà á jáde pẹ̀lú ẹrù sí ojú títì ní Ìdí-Orò. Ó tẹ tọ́tù, mọ́tò kò fà, típà tó ń bọ̀ sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí n sunkún òkú ọmọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán, wọ́n tò ó, kò tò bó ṣe yẹ.

Bí mo ṣe wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, ẹbí pé jọ sí pálọ̀ èmi fúnra mi. Àǹtí Fọláṣadé ní ọwọ́ tó kan mọ́tò kẹ́yìn ni ká mú. Ẹlòmíràn tún bù ú lé e pé ṣebí inú Bámidélé kò dùn pé àbúrò rẹ̀ ni mo fún ní ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà! Nígbà tí mo fi délé, ọmọ mi ti gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ gba yàrá sí Èbúté Mẹ́ta. Pẹ̀lúmi gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Láti ìgbà náà, kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí mi.

A tún ara mọ́tò ṣe, àìsàn rẹ̀ kò lọ. Mẹkáníìkì mìíràn pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ kọ́ìlì, ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, pàbó ló já sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á máa yọ eléyìí, wọ́n á máa fi tọ̀hún sí i, títí wọn yóò fi ṣèèṣì kan ohun tó ń ṣe é. Èmi tí mo ń ta ẹ̀yà mọ́tò kò gbọdọ̀ bú àṣà yẹn jù, mo ti jẹun lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo wo pọ́ǹpù tí wọ́n yọ sọnù, mo rí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Bí wọ́n ṣe ṣe ọmọ mi gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n kàn yọ ọ́ jù nù.

Ni mo bá gun iwájú mọ́tò, mo jókòó ti Taoheed, awakọ̀ tí mo gbà. Mo ní kó pa rédíò, mo fẹ́ gbọ́ ẹnu mọ́tò. Mo ń bá a lọ, mo ń bá a bọ̀, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ohun tí mo rí ni pé bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé epo, mọ́tò kì í ṣe wàhálà kankan. Ìgbà tí a bá gbé ẹrù dé Yaba tí a ń gbé òmíràn padà bọ̀, tí a kan bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà, ìgbà náà ni gìrì á dé. Taoheed ní epo burúkú ni. Mo ní epo burúkú wo ló ń dúró de Ojúẹlẹ́gbà? Mo wá bi ara mi pé kí là ń ṣe nílé epo tí a kì í ṣe níbòmíràn. A ń ra epo. A sì ń ṣí ìdérí táńkì.

Nígbà tó tún ta gìrì, mo ní kí Taoheed yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ra epo, kó kàn ṣí ìdérí náà. Ó ṣí i, táńkì sì mí kanlẹ̀, ṣììì, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn tí wọ́n wá fi sílẹ̀. A gbéra, mọ́tò fà. Mo ní kó máa fi ìdérí náà lé e lásán láìtì í. A gbé ẹrù lọ, a gbé ẹrù bọ̀, kò ta gìrì mọ́. Mo ní kó tì í pa. Kí a tó dé Yaba, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Bí epo bá ń jáde nínú táńkì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Ìdérí àtijọ́ ní ihò kékeré fún ìyẹn. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, oníkọ́kọ́rọ́ ni, mọ́tò mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, kò ní ihò. Pọ́ǹpù ń fà, táńkì kò jẹ́ kó lọ. Ìdí tó fi lọ geere lẹ́yìn tí Bámidélé fọ kábúrétọ̀ ni pé a ṣí táńkì rọ epo lọ́jọ́ náà. Kábúrétọ̀ kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bámidélé kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Pẹ̀lúmi ló ra ìdérí náà lẹ́bàá títì, nígbà tí epo di góòlù, tí àwọn aláìnítìjú ń fi rọ́bà fa epo mọ́tò ní àdúgbò wa. Ó rà á láti ṣọ́ ohun ìní ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í pa, òun náà sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn, kí n sọ fún un pé òun ló ṣe ara rẹ̀? Bí mo bá sì dákẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jìyà ohun tí kò ṣe. Ọmọ mi ni àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a kọ ọ́ síbí, kí wọ́n kà á nígbà tí èmi kò ní sí níbẹ̀ láti rí ojú ẹnikẹ́ni.

5. Abala yìí kò sí lára ohun tí mo pèsè sílẹ̀ láti sọ. Bí mo ṣe dé ibi tí ẹ kà tán yìí, Bàṣírátù gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọ̀wọ̀ bi mí pé, ta ló sọ fún Mọ́mì pé Mọ́mì ni yóò kú ṣáájú Bọ̀ọ̀dá Bámidélé? Inú bí mi gidigidi. Mo ní kó gbé kálámù rẹ̀. Kò gbé e. Mo bú u, mo bú u kan ìyá tó bí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Nígbà tí mo bú u tán, ẹ̀rù bà mí, nítorí pé òótọ́ ló sọ. Mo ní kó máa lọ, kó padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo sì ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lójúkojú. Bámidélé jáde lọ síbi tí píkọ́ọ̀pù wà, ó tú ìdérí náà, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ. Èémí kò kọjá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń sunkún. Ó ní láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí òun kì í tú kábúrétọ̀ yẹn lọ́kàn òun, kí òun tún tò ó, kí òun máa wá ibi tí òun ti ṣì í. Ó ní ó ti kù díẹ̀ kí òun gbà pé òun ṣe é lóòótọ́. Mo bá a sunkún, kí n má purọ́. Pẹ̀lúmi mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ yàrá ìsàlẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Àǹtí Fọláṣadé kò wá. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí abala kẹrin dúró bó ṣe wà.

6. Ewúrẹ́ mi funfun di ti Sàúdátù, ayálégbé mi, ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Ewúrẹ́ náà jẹ gèlè tí mo fẹ́ wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún Àjíǹde, nítorí náà, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi yọ̀ǹda rẹ̀.

7. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù, tàbí èyí tí òfin kò bá jẹ́ kí ẹni tí mo fún gbà, kí ó di ti Bámidélé.

8. Mo fi èyí kún un lónìí, Sátidé, kí n tó fọwọ́ sí i. Taoheed àti Sàúdátù la pè láti ṣe ẹlẹ́rìí. Bàṣírátù wá ṣàlàyé pé òfin kò gba ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí láyè láti gba ohunkóhun nínú rẹ̀. Sàúdátù ju kálámù sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ó ní òun fẹ́ràn Mọ́mì o, ṣùgbọ́n òun ti bá ewúrẹ́ yẹn jìyà jù. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Pẹ̀lúmi, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìpàdé wa, na ọwọ́ sí kálámù náà. Bàṣírátù sọ fún un pé bó bá fọwọ́ sí i, yàrá ìsàlẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ti Bámidélé. Ó ní òun gbọ́. Bàṣírátù tún un sọ fún un, ó tún bi í nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ àti àtẹ̀gùn. Ó ní òun gbọ́. Bámidélé ní rárá, kò sí ohun tó jọ ọ́, òun kò béèrè yàrá. Pẹ̀lúmi ní kí Ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ kúrò níwájú iná, òun kò rí ibi tí òun fẹ́ kọ sí.

Èmi ni ìyá wọn. Mo lè ní kó má ṣe é. Mo jẹ́ kó ṣe é.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní pálọ̀ mi ní Ìdí-Orò, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì tí wọ́n jókòó pọ̀, ní Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Agẹmọ, ọdún 2025.

Beulah Àbẹ̀kẹ́ Ṣóẹ̀tán

Ẹlẹ́rìí kìíní: Taoheed Bákàrè
Iṣẹ́: awakọ̀
Ibùgbé: Ọláòṣebìkan, Mushin

Ẹlẹ́rìí kejì: Pẹ̀lúmi Ṣóẹ̀tán
Iṣẹ́: oníṣòwò, Ládìpọ̀
Ibùgbé: òkè ilé yìí