Orúkọ Tí Mo Kọ fún Yínúsà

Ojúlé 17, Òpópónà Adébọ̀wálé,
Igbó-Elérin, Òkòkòmáikò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Adéṣẹwà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ìlọrin ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wa tán. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O bi mí léèrè ẹgbẹ́ wa, Ka Ìbò Mi. Ẹgbẹ́ ti túká. Nígbà tí o fi kúrò níbí, ẹni méje péré la jẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ọládipúpọ̀, onílé wa. Kó tó pé oṣù méjì, a ti lé ní àádọ́ta: olùkọ́, àwọn ọlọ́jà Alábà, kódà ìyàwó sójà kan láti báráàkì. Iṣẹ́ wa ò ju ká dúró ti ibùdó ìdìbò, ká ya fọ́tò èsì tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí i padà. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé, orí mi sì wú, o kúkú mọ̀ mí. Mo ra ìwé ńlá kan. Orúkọ, ojúlé, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ wo ni kì í ní ìwé orúkọ?

Lọ́jọ́ ìpàdé kan, Yínúsà tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ìkóríta wa wá tún fáànù Bàbá ṣe. Mo ní kó forúkọ sílẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, fáànù ni mo wá tún ṣe o, èmi ò ṣe òṣèlú.” Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo ní ẹni tó bá ti mu mínírà wa ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ orúkọ rẹ̀, kí iye wa lè pọ̀.

Ìbò dé. Èsì tí wọ́n kéde kò jọ ti inú fọ́tò wa rárá. A kó ara wa lọ síbi tí wọ́n ti kéde rẹ̀, àwọn jàǹdùkú sì ya bò wá. Bí mo ṣe ń sá, báàgì mi já bọ́, ìwé orúkọ wà nínú rẹ̀. Mi ò padà lọ mú un.

Láti ọjọ́ kejì ni àwọn tó he ìwé náà ti ń wá wa láti ojúlé dé ojúlé, bí mo ṣe to orúkọ náà gan-an. Àwọn tí wọ́n kéde pé ó wọlé fún Dọ̀tun, alága wa, níṣẹ́. Kì í gbé fóònù mi mọ́. Bàbá Ọládipúpọ̀ ti géètì wọn pa, wọn ò gba ìpàdé mọ́. Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníkálukú ti mú ọwọ́ tirẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń kọ ti gbogbo ayé, mi ò rántí kọ tèmi.

Yínúsà nìkan ni kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sá. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan wá mú un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó pé ọjọ́ mọ́kàndínlógójì lónìí. Gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá tí a lọ, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ni mò ń bá kiri. Wọn ò mọ bí orúkọ ọmọ wọn ṣe dénú ìwé yẹn, wọ́n rò pé àánú ló ń ṣe mí. Ṣẹwà, ó yẹ kí n sọ fún wọn. Ẹnu mi ò gbà á.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi.

Láàárọ̀ yìí, níwájú àgọ́ kan, Ìyá Yínúsà gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní bí mo ṣe dúró ti ọmọ àwọn, Ọlọ́run á dúró ti ọmọ tèmi. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ṣe àmín. Èmi ò lè ṣe é.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ ni,
Tóyọ̀sí.