Máàkì Rẹ Tó Wálẹ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹni tó wà nínú rẹ ńkọ́, ṣé ó ń sọ kúlú bó ṣe yẹ? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń kọ sínú lẹ́tà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí o, olùkọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ò tún ìlà kan ṣe níbẹ̀.

Mo rí fọ́tò káàdì aboyún tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ. Lóṣù kẹta, wọ́n kọ 118/74 sí i. Mo fi han gbogbo kíláàsì wa, torí ẹni tó bá gba 10/10 lọ́dọ̀ wa là ń pàtẹ́wọ́ fún, ọmọ tèmi wá gba ju iye ìbéèrè lọ! Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lóṣù karùn-ún, mo rí 104/62. Mo ní àbí ọmọ yìí kì í kàwé mọ́ ni? Mo wé gèlè, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, kó wá bá wa fi máàkì díẹ̀ kún un.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kì í ṣe ìdánwò, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan ni wọ́n ń wọ̀n. Ó ní bí obìnrin bá lóyún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà á dẹ̀, á sì fẹ̀. Àwọn tó lọ sí ilé ọmọ, tó tín-ín-rín tó sì lọ́ pọ̀ tẹ́lẹ̀, á là gbayawu kí oúnjẹ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ìdí nìyẹn tí òǹkà fi ń wálẹ̀ díẹ̀ láàárín oyún, tí á sì tún gòkè padà bí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ní ó yé mi: ilé tó ń retí àlejò, ẹnu ọ̀nà là á kọ́kọ́ fẹ̀.

Mo wá ní kó wọn tèmi náà. 158/96! Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi pé mo na ọmọ mi mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní èmi ò kúkú lóyún, iṣan tèmi ti ń le bí igi gbígbẹ. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù, ó sì kọ oògùn àràárọ̀ fún mi.

Nítorí náà, fi owó oògùn ránṣẹ́, àti ti awò ojú, kí n lè máa ka òǹkà mi fúnra mi. Ìwọ náà, má fo ọjọ́ àyẹ̀wò kankan. Bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tàbí ojú rẹ ń ṣe bàìbàì, sáré lọ bá wọn.

Wàá gbóhùn ara rẹ, wàá gbóhùn ọmọ. Ọ̀nà tó là nínú rẹ á là níwájú rẹ. Tèmi ti di 150 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bá mi gbàdúrà kí n fìdí rẹmi, kí n lè gbé ọmọ ọmọ mi pọ̀n.

Èmi ni ìyá rẹ, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà.