Òkúta Kan Nínú Ìrẹsì Ọ̀fàdà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ṣé ojú yín ti ń ríran dáadáa níbi tí ẹ wà? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín nìyẹn. Mo mọ̀ pé tiyín ni bóyá mo ti jẹun. Mo ti jẹ, mà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gan-an ló gbé mi wá.

Ọmọ yín fẹ́ di ẹni tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóófù títí ìyàwó mi fi kú, èmi ni mo fẹ́ máa kọ́ aráyé nípa ọbẹ̀. Àmọ́ kò sí ìwé ọmọ iléèwé tí mo máa máàkì mọ́, àwọn aládùúgbò ní Mowe níbí sì ti ń sá fún mi, torí bí wọ́n bá kí mi báyìí, ìtàn gígùn ni mo máa fi dá wọn lóhùn. Ni mo bá wá Bímpé kàn, ọmọ tí mo kọ́ nígbà kan ní Ibafo. Òun ló ń bójú tó ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń kọ nípa oúnjẹ wa. Ó ní kí n kọ nípa ìrẹsì Ọ̀fàdà, ṣebí ìtòsí wa níbí ni Ọ̀fàdà wà.

Mo jókòó bí ẹni tó fẹ́ kọ òfin ìlú. Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, “Oúnjẹ jẹ́ kòṣeémánìí fún gbogbo ẹ̀dá abẹ̀mí, yálà olówó tàbí tálákà.” Ojú ìwé mẹ́ta gbáko, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó jẹun níbẹ̀. Òwe méje ni mo dà sí i, bí ẹni tí ìdérí agolo iyọ̀ já mọ́ lọ́wọ́. Mo kà á fún ara mi, mo sì pàtẹ́wọ́.

Ohùn ni Bímpé fi ránṣẹ́ lórí fóònù. “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ta ló ń jẹun nínú nǹkan tí ẹ kọ yìí? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé ká má yí ilé po ká tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé? Sà, oúnjẹ kan, ọjọ́ kan, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu yín. Ó parí.”

Ọmọ tí mo máa ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì ló ń máàkì mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ tó fi dá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi? Màámi, ẹ mọ̀ ọ́n.

Mo tún un kọ. Mo kọ nípa ilé wa ní Ifo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, bí ẹ ṣe máa ń da ìrẹsì sórí àtẹ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, tí ẹ máa fẹ́ ẹ, tí ẹ máa fi ìka kan tì í díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, tí ẹ máa ju òkúta kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì. Kó. Kó. Bí mo bá gbọ́ ọ lórí ẹní, mo ti mọ̀ pé Jímọ̀ ni. Mo kọ nípa ata tútù àti irú, nípa epo tí ẹ máa gbé kaná títí èéfín rẹ̀ á fi lé ewúrẹ́ kúrò lẹ́yìnkùlé, nípa ewé eéran tí ẹ máa fi wé ìrẹsì náà. Bímpé ní ó ti ń dùn bọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mò ń fò kọjá. Báwo ni ọmọ yẹn ṣe mọ̀?

Ọjọ́ tí ọ̀gá iléèwé mi àtijọ́ wá jẹun nílé mi ni mò ń fò kọjá. Ẹ ti kó wá bá mi ní Mowe nígbà náà, ojú yín ti ń ṣú, síbẹ̀ ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa dáná fún àlejò mi. Láti àárọ̀ lẹ ti ń ṣa ìrẹsì náà, ìka lẹ fi ń wá òkúta bí ẹni ń fa tẹ̀súbáà. Nígbà tí ẹ ṣe tán, ẹ pè mí, bí ẹ ti máa ń pè mí láti kékeré: “Olójú àwòdì, wá bá mi wò ó.” Bó ti wù kí ẹ ṣà á tó, ẹ kì í gbé e sómi láìjẹ́ pé ojú kejì wò ó.

Ìwé ìròyìn ni mò ń kà. N kò dìde. Láti orí àga ni mo ti pariwo pé, “Ó mọ́, Màámi! Ó mọ́ tónítóní!”

Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ gbé e sómi.

Èmi náà ni òkúta bá. Eyín mi kan kán, ọ̀gá sì gbọ́ ọ. Ojú tì mí, mo wá fi ohùn tí mo fi ń bá ọmọ kíláàsì wí sọ fún yín pé ẹ ti dàgbà jù, kí ẹ má wọ ilé ìdáná mi mọ́. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìpọnbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò sọ pé ẹ pè mí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́, Màámi?

Láti ọjọ́ náà, ìrẹsì òyìnbó ni, alásè kan ló ń wá sè é. Ẹ máa ń jẹ ẹ́, ẹ máa ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìka yín ò sinmi. Bí ẹ bá jókòó sí fàràǹdà, ẹ máa ń fi ìka ti nǹkan tí kò sí níbẹ̀ lórí itan yín, láti ọ̀tún sí òsì. Mo rí i. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, fún ọdún méjì, títí ẹ fi lọ. Níbi fídáù yín pàápàá, àwọn àbúrò mi ń ṣẹ̀fẹ̀: “Ẹ rọra jẹ ìrẹsì yẹn o, kí òkúta Màámi má lọ wà níbẹ̀!” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé, mo lọ sí ọjà Ibafo. Oníìrẹsì kan nawọ́ sí àpò tó ń dán. “Bàbá, ẹ̀rọ ti ṣa tibí, ẹ kàn máa sè é ni.” Mo ní èyí tó lókúta ni mo fẹ́. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀: “Ẹ gbọ́ o! Àwọn èèyàn ń sá fún òkúta, bàbá yìí ń fowó wá a! Eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín, sà?” Mo ní ó pé, àfi ọ̀kan tó kán. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bu èènì lé e.

Mo dà á sórí àtẹ yín. Ọrùn ń ro mí, ojú ń ta mí. Òkúta náà jọ ìrẹsì ju bí mo ṣe rò lọ. Ojú tó ń ṣú lẹ fi ṣe é, fún àlejò tí ẹ ò mọ̀ rí. Nígbà tí mo parí, mo gbé àtẹ náà sókè, mo ti la ẹnu kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tí mo lè pè.

Mo jókòó, mo kọ ọ́ bó ṣe rí, láìsí òwe kankan: pé ẹ pè mí, pé n kò dìde, pé òkúta tèmi ni. Àwọn àbúrò mi máa kà á. Ọ̀gá náà á kà á. Bímpé dáhùn láàárọ̀ yìí: “Sà, mi ò fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Jímọ̀ ló máa jáde.”

Ìrẹsì náà ṣì wà lórí àtẹ, Màámi. N kò tíì gbé e sómi.

Kí Ọlọ́run fi Alùjánnà kẹ́ yín. Mo nífẹ̀ẹ́ yín.

Èmi ni,
Olójú àwòdì yín, tí kò dìde.