Ọ̀gá Fi Orúkọ Ọkọ Mi Wọlé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè yá lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìyàwó tuntun ni mí, ní Ìsọlọ̀.

Orí kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ti ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fáíbà kiri àdúgbò. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí fóònù, mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀: "Àbúrò, fún mi ní páásíwọọ̀dù ẹ jàre, tèmi ò wọlé." Ó fún un. Kò pẹ́ ni ọkọ mi wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì pariwo: "Ọ̀gá, ẹ̀rọ àdúgbò Jakande lẹ ṣèèṣì pa yẹn!"

Íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo Jakande kú, orúkọ ọkọ mi sì ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ pé ó pa á. Ọ́fíìsì wọn ti ní kó jókòó sílé. Ọ̀gá ò jẹ́wọ́ fún wọn pé òun ló pa á!

Ọkọ mi ní kí n má sọ̀rọ̀, pé ọ̀gá ló dúró bíi bàbá òun lọ́jọ́ ìdána wa. Bàbá wo ló ń di ẹ̀bi ara rẹ̀ ru ọmọ? Inú ń bí mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n lọ sọ ohun tí mo fetí mi gbọ́ fún ọ́fíìsì wọn? Ọkọ mi ń pè mí, ó ní ọ̀gá ti dé, kí n wá kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ń lọ o, ṣùgbọ́n tí mo bá débẹ̀, mo máa bi wọ́n lójú ọkọ mi pé, ta ló pa ẹ̀rọ Jakande?