Mọ́ọ̀tì Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀

Abà Ọlọ́pẹ,
Ìwó.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Toyibat ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà? Waheed ọkọ rẹ ńkọ́, oyún oṣù méje inú rẹ ńkọ́? Ọlọ́run tó fi í síbẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ara èmi le, àfi orúnkún mi tó ń sọ tẹnu rẹ̀ bí òjò bá ti ṣú. Bàbá rẹ kí ọ. Àgbàdo ti yọ ọmọ, ewúrẹ́ funfun bí méjì, ọ̀kan kú, a dúpẹ́ fún èyí tó kù. Oúnjẹ agolo tí o fi ránṣẹ́ sí wa nígbà Iléyá ṣì wà lórí àjà, a ò tíì fọwọ́ kàn án, nítorí mo rí ọdún tó ń bọ̀ tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, a sì ń dúró kí ọdún náà pé ká tó ṣí i.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi kọ̀wé wúwo, jókòó kí o tó kà á. Waheed ya àwòrán ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ọ ní ọsibítù, ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo wọ jígí ojú mi, mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ gba mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún. Toyibat, ó dùn mí. Ìwọ tí o kì í kúrò ní ipò kejì nílé ìwé. Mo sọ fún bàbá rẹ pé bóyá oorun ń kùn ọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò náà, tàbí olùkọ́ ibẹ̀ ló ń ṣe ojúsàájú. Mo gbàdúrà sójú fóònù náà, mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta títí ojú rẹ̀ fi ṣú, kí àdúrà náà lè bá ọ nílé ní Alákijà l'Ékòó.

Ọkàn mi ò balẹ̀, mo gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí wa níbí, mo ní kó bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o tún un ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sẹ́ni tó ń gba ọgọ́rùn-ún nínú rẹ̀, pé aláboyún tó bá gba mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n mẹ́rìnlélógún kì í ṣe ohun àmúṣeré, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nígbà ìrọbí, kò ní èyí tó máa kù sí i lára. Ó wá bi mí pé kí ni ọmọ mi ń jẹ. Mo gbé àyà sókè, mo ní ọmọ mi kì í jẹ ohun tí àwa ń jẹ, inú ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ ti ń ta pírófíṣọ̀n ní Abúlé Adó ló ti ń mú un: núdúlù láàárọ̀, bisikíìtì lọ́sàn-án, sọ́séèjì inú ọ̀rá, àti mọ́ọ̀tì tí wọ́n da mílíìkì agolo sí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, èyí tí èmi fúnra mi pa láṣẹ fún Waheed, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń fún aláboyún lẹ́jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní mọ́ọ̀tì kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ní ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, pé núdúlù náà, iyọ̀ àti òróró ló kún un, ó kàn ń yó ni ni. Mo ní kó má bínú, ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀.

O mọ̀ pé mo ní àbúrò kan, Raheemah, tó kú lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó bí ọ. Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni pé wọ́n ti sọ fún un nígbà náà pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré. Èmi ni mo ta adìyẹ mi, mo ra páálí mọ́ọ̀tì, mo ń da mílíìkì sí i, mo sì ń dúró tì í kó mu ún tán. Bó bá ní ẹ̀fọ́ àti ẹja ló ń wu òun, màá ní kó má fi oúnjẹ tálákà kún inú. Ó ń mu ún nítorí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó bí ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ ò dá, kí a tó gbé e dé Ìwó, ó ti dákẹ́, ọmọ náà ò sì pẹ́ tẹ̀lé e. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé a ṣe gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, Toyibat.

Ìwọ náà, nígbà tí oyún rẹ wà ní oṣù mẹ́ta, o rán Táyé awakọ̀ sí mi pé kí n fi irú àti ẹ̀fọ́ gbígbẹ rán an sí ọ. Mo ní rárá, kí ni àwọn ará Fẹ́sítáàkì tó wà nítòsí yín máa wí. Mo ti ń fi ọ́ yangàn káàkiri abà pé agolo lọmọ mi fi ń jẹun. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Kí o sì sọ fún Waheed pé n kò bá a jà, ọ̀rọ̀ mi ló tẹ̀lé.

Táyé tó mú lẹ́tà yìí wá náà ló gbé àpò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, irú, ẹ̀fọ́, ẹja gbígbẹ, àti ẹyin tí mo fi èèpo àgbàdo wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òògùn ẹ̀jẹ̀ tí ọsibítù bá fún ọ, lò ó, Nọ́ọ̀sì ní kí o máa fi ọsàn sìn ín, kí o má fi tíì sìn ín. Má sọ pé ìyá mi ti fi ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ kí o wá pa ọsibítù tì o. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ, ibẹ̀ ni kí o wà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Kò sí ìyá tó ń kọ̀wé s'Ékòó tí kì í tọrọ, èmi náà á tọrọ. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, mo bẹ̀ ọ́, má fi í ránṣẹ́ mọ́ títí o fi máa bímọ. Fi ra ẹ̀dọ̀, fi ra ẹja, kí o sì jẹ ẹ́ tán.

Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Etí wa yóò gbọ́ ohùn ìyá, yóò gbọ́ ohùn ọmọ. Raheemah gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nígbà tí n kò mọ nǹkan kan. Ìwọ gbọ́ tèmi nísinsìnyí tí mo ti bèèrè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀nsúrát.