Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Bọ́lá àti Túndé

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹwàá, 1994

Èsì àyẹ̀wò tí pásítọ̀ ní kí Bọ́lá ọmọ mi àti Túndé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe kó tó so wọ́n pọ̀ ti dé. AS ni àwọn méjèèjì; bí wọ́n bá fẹ́ra, wọ́n lè bí ọmọ tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde.

Láàárọ̀ yìí ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní báyọ́lọ́jì: sẹ́ẹ̀lì á da jíìnì, ìyẹn àṣẹ àbímọ́ tó wà nínú ara, kọ sí RNA tó jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀, òun ni wọ́n á fi mọ purotéènì tó ń di ara wa. Bí lẹ́tà kan péré bá yí nínú jíìnì, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé; òun là ń pè ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde.

Bàbá Bọ́lá ní ká gbàdúrà. Èmi ní kí wọ́n lọ tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ilé àyẹ̀wò mìíràn ní Òkokomaikò, bóyá èsì tibẹ̀ á dáa.

Bọ́lá wò mí. "Mọ́mì, ṣé ohun tẹ́ ẹ máa sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nìyẹn?"

Ó bọ́ òrùka tí Túndé fún un lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi dá a padà fún un. Èmi ò lè ṣe é."

Èmi náà ò lè ṣe é.