Ìwé Òfin Yunifásítì Kò Mọ Bàbá Àgbà

Bàbá mi, Wolé-wolé Ẹ̀pẹ́,

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn lẹ́tà tí kò bá ní àdírẹ́sì àti déètì ní igun ọ̀tún. Ẹ foríjì mí. N kò mọ àdírẹ́sì yín mọ́, déètì náà kò sì lè ṣe yín ní nǹkan kan níbi tí ẹ wà.

Ìkòròdú ni mo ti ń kọ ọ́, lójú fèrèsé tí ẹ sọ pé ó kéré jù fún atẹ́gùn lọ́jọ́ tí mo kó wọ ilé yìí. Gbogbo àwọn tí ó wá kí mi kú oríire ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀yin ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ojú fèrèsé yìí ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń wo àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n ń jáde lọ síṣẹ́ ní Èkó bí ọba, tí wọ́n sì ń padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí wọ́n lù.

Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀ yìí ni yóò tún lọ dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní yóò tún lọ, nítorí ẹ̀yin gan-an ni ẹ ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ẹ má bínú. Mo ní láti sọ ọ́ fún ẹnìkan, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní pè mí ní ọmọ burúkú.

Ẹ rántí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Rásákì àbúrò mi kú, tí ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ní kí wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ yín ní Ẹ̀pẹ́. Ìjọba ti fún yín ní ìwé ìfẹ̀yìntì nígbà náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kúrò lára yín. Bí ẹ bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kí ẹ tó kí ìyá ọmọ, ẹ ó ti ṣí ìdérí àmù wọn láti wò ó bóyá tanwíji wà nínú omi. Ojú a máa tì mí. Àbẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ a tẹ̀lé yín, a ká ọwọ́ sẹ́yìn bí tiyín, a sì máa mirí sí àmù olómi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ máa ń gé èékánná rẹ̀, tí ẹ ó sì máa sọ ìtàn àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń gbé ìkòkò omi sá wọ igbó nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ ń bọ̀.

Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí ó di nọ́ọ̀sì. Kò sì yà mí lẹ́nu nígbà tí ó ní òun fẹ́ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ìlera ará ìlú, àti pé omi kànga àwọn ará Agbówà àti Ẹ̀jìnrìn ni òun yóò ṣe ìwádìí lé lórí. Wolé-wolé ló tọ́ wolé-wolé, àfi pé èyí fẹ́ dé fìlà onígun mẹ́rin sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn òfin, ẹ fẹ́ràn ìwé òfin yunifásítì náà ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn oúnjẹ lọ. Ó nípọn tó búrẹ́dì. Iye ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò wà níbẹ̀. Bí àlàfo etí ìwé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò bá bi ènìyàn ní ìbéèrè nípa ìlera rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ kọmítì kan, kí ìwádìí má baà ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Àṣẹ náà sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, bí oògùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni dìfẹ́ǹsì, ọjọ́ tí ọmọ yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn náà yóò máa bi í ní ìbéèrè tí wọ́n fi ń fi ìmọ̀ han ara wọn. Ẹ máa ń ní kí Àbẹ̀kẹ́ ka ìwé náà sí yín létí. Bí ó bá kan ibi tí òfin ti le, ẹ ó ní kí ó tún un kà, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ẹja ọ̀sà gbígbóná ka iwájú rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n fún un ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ dìfẹ́ǹsì fún un. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kò sí òmíràn. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àìsàn yín ti mú mi wá sí Ẹ̀pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Àbẹ̀kẹ́ sùn sí ilé mi ní Ìkòròdú kí ó lè tètè rí mọ́tò wọ̀ lọ sí yunifásítì. Ní àárọ̀ ọjọ́ dìfẹ́ǹsì gan-an, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ la ojú, ẹ bi mí pé, "Ṣé Àbẹ̀kẹ́ ti lọ?" Mo ní ó ti lọ. Ẹ ní, "Ó dára." Ẹ kọjú sí ògiri. Nígbà tí mo gbé ògì yín wọlé, ẹ ti lọ.

Kí ni ó dára, Bàbá? Ṣé ẹ ti mọ̀? Ṣé ẹ ń dúró kí ọmọ náà kọjá ibi tí a ti lè pè é padà ni?

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe ní ilé wa. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí n tó rí ibi jókòó sunkún, wọ́n ti ń gbé omi tí wọn yóò fi wẹ̀ yín. Múdá àbúrò mi ti wà lórí fóònù alágbèéká tuntun rẹ̀, ó ń pe gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ, bí ó ti yẹ kí ọmọkùnrin tí ó wà nílé ṣe. Nígbà tí ó kan Àbẹ̀kẹ́, ọmọ náà ti jókòó sínú mọ́tò ní gáréèjì Ìkòròdú, ó ń dúró kí èrò kún.

"Àbẹ̀kẹ́, Bàbá ti lọ o. Ìrun ọ̀sán la máa kí sí wọn lára. Tóo bá máa bá wọn, máa bọ̀."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí. N kò gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá ó yẹ kí n gbà á.

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò yunifásítì, ó wọ ti Ẹ̀pẹ́. Táyà èyí jò ní Ìtóìkín. Nígbà tí yóò fi dé, wọ́n ti ń fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ́ ilẹ̀ orí yín. Ó dúró létí ibẹ̀ nínú kóòtù dúdú àti bàtà gogoro, ó há iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ mọ́ abíyá bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bi ní ìbéèrè. Kò sunkún.

"Àǹtí, ṣé wọ́n béèrè mi?"

"Wọ́n béèrè bóyá o ti lọ. Mo ní o ti lọ. Wọ́n ní ó dára."

Ó wo òkìtì erùpẹ̀ náà títí. "Mi ò lọ, Àǹtí. Mi ò sì bá wọn."

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ ni ìwé yunifásítì dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá yọjú síbi dìfẹ́ǹsì, tí kò sì kọ̀wé ṣáájú ọjọ́ náà, ti fìdí rẹmi. Àfi bí ó bá lè mú sátífíkéètì ikú bàbá, ìyá, ọkọ, aya tàbí ọmọ rẹ̀ wá. Ìgbà náà ni a tó rántí pé a kò forúkọ òkú yín sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ ilé ọ̀fọ̀ láti bi opó nínú aṣọ dúdú bóyá ó ti forúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀! Àwọn ọmọ yín wẹ̀ yín, wọ́n kírun sí yín lára, wọ́n ṣe sàráà, kò sí ẹni tí ó rántí ìjọba nínú wa.

Èmi, Múdá àti Àbẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, Lèmọ́mù sì bá wa lọ láti jẹ́rìí. Obìnrin tí ó jókòó síbẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin lọmọ Wolé-wolé? Bàbá tó mú ìyá mi lọ kóòtù torí ìkòkò omi?"

Mo ní kí ó má bínú.

"Inú kí ló máa bí mi? Ẹ ò wá rí ayé! Òkú wolé-wolé ni ò níwèé!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín nìyẹn. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ti sọ tiwọn, Àbẹ̀kẹ́ ṣàlàyé ohun tí yunifásítì ń béèrè. Obìnrin náà gbé bírò dúró, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ dáadáa, ṣé kí n kúkú kọ ọ́ pé bàbá rẹ ni wọ́n? Ta ló fẹ́ wá wò ó? Ṣebí àwọn náà ló tọ́ ẹ."

Mo tẹ Àbẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Èmi tíṣà àgbà, mo tún un tẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà. Bàbá mi àgbà ni wọ́n. Wọn ò ní fẹ́ ká kọ nǹkan mìíràn."

"Ṣé wọ́n ti kú ṣá?"

"Wọ́n ti kú, mà."

Obìnrin náà wò mí. Èmi wo òrùlé. Ẹ̀kọ́ yín nìyẹn, Bàbá. Mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo sì fi ń bínú sí yín.

Èmi ni mo bá a dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó jẹ́ alága wọn. Oyè tí ó kọ sára ilẹ̀kùn pọ̀ débi pé mo ti mọ gbogbo ibi tí ó kàwé dé kí n tó rí ojú rẹ̀. Ó ka sátífíkéètì náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Màdáámù, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé òfin wa ò ka bàbá àgbà."

"Ọ̀gá, àwọn ló tọ́ ọ láti kékeré."

"Mo gbọ́, mà. Ìwé òfin ni ò gbọ́."

"Ìwé òfin yìí kan náà ló ní kó kọ̀wé ṣáájú. Ta ló mọ ọjọ́ tí ènìyàn òun máa kú?"

Ó ronú sí i gidigidi. "Ó yẹ ká yẹ ìyẹn wò," ni ó wí, "nígbà tí a bá ń ṣe àtúnṣe." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ti múra láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dé ilé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo bí ó ti ń kọ̀wé, mo rí i pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó jọ yín ni. Ẹ̀yin náà a máa ṣí àmù olómi láìwo ojú ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ wà lórí àga yẹn, tí ọmọ ọlọ́mọ sì dúró níwájú yín, ṣé ẹ ó jẹ́ kí ó kọjá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn.

Dípúlọ́mà ni wọ́n fi tù ú nínú, oyè kékeré tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbà á. Ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣẹ kọmítì ti tán, òfin kò sì gbà pé kí ó lo ìdáhùn àtijọ́, nítorí náà ó ní láti padà lọ bi gbogbo ènìyàn ní gbogbo ìbéèrè. Mo bá a lọ sí Ẹ̀jìnrìn lọ́jọ́ ọjà kan. Ìyá arúgbó kan tí ó ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ létí ọkọ̀ wò ó, ó pariwo.

"Ṣebí ìwọ lo bi wá lọ́rọ̀ omi lọ́jọ́sí? Ìdáhùn wa ò dùn tó ni?"

"Ó dùn, Màmá. Àkókò rẹ̀ ló kọjá."

"Kànga kan náà ni o. Àwa la ti gbó sí i."

Wọ́n bu omi fún wa. Àbẹ̀kẹ́ yẹ inú ife wò dáadáa kí ó tó gbé e sẹ́nu. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe orúkọ yín.

Láti ọjọ́ tí a sin yín, kò tíì dé ojú oórì yín. Bí a bá ń lọ ṣe àdúà ọdún, yóò ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Mo rò pé kò fẹ́ wá ní ọwọ́ òfo. Àbí ó ń bínú sí yín? N kò lè bi í. Ọmọ tí kò sunkún lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀rù ohun tí yóò jáde bí mo bá bi í.

Ọjọ́bọ̀ ni, Bàbá. Kóòtù mìíràn ni ó rà. Ó ti ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ó ń dá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò sí níbẹ̀ lóhùn. Ẹ̀rù sì ń bà mí, irú ẹ̀rù tí kò yẹ àgbàlagbà. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kú ní Ọjọ́bọ̀. Múdá, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n bi Ọlọ́run léèrè ná."

"Tètè bi í."

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́ fún un láìṣẹ̀fẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni ó kàn, kí ó má pe Àbẹ̀kẹ́ títí yóò fi jáde lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ó bá sì ti pè é, kí wọ́n dúró dè é. Kí wọ́n má gbé mi wọ ilẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi dé wo ojú mi. Múdá ní Lèmọ́mù ò ní gbà. Mo ní kí Lèmọ́mù wá bá mi wí.

Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú wa gbọ́dọ̀ dúró de ọmọ yẹn.

Pẹ̀lú ìfẹ́ tí n kò tètè fi ẹnu sọ,

Àkọ́bí yín.